Ta Ni Yóò Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Wa Kú Ọjọ́ Mẹ́ta?

Ìkíni kan wà nínú èdè wa tí ó yẹ kí a tún gbé yẹ̀wò. Bí ènìyàn méjì bá pàdé lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí wọn kò ti rí ara wọn, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ wí ni pé, “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.” Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn kò ti fojú kan ara wọn, ó sì lè jẹ́ oṣù kan, ọjọ́ mẹ́ta náà ni wọn yóò pè é. Àwọn baba wa kò ṣi iye kà. Ohun tí ìkíni yìí ń sọ ni pé láàárín àwọn tí ó jọ ń gbé, ọjọ́ mẹ́ta ti pọ̀ jù láti má gbúròó ẹnì kejì ẹni kí a má sì béèrè rẹ̀. Bí ọjọ́ kẹta bá pé tí a kò rí aládùúgbò, a ó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí kò ṣòro. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ wá kàwé ní Yunifásítì Lomé, tí ó gba yàrá kan ní Adéwui, ní Agoè tàbí ní Adidogomé, bí kò bá jáde fún ọjọ́ mẹ́ta, ta ni yóò mọ̀? Onílé lè má mọ̀, nítorí owó ilé nìkan ni ó da òun àti ọmọ náà pọ̀. Olùkọ́ kò ní mọ̀, nítorí orí tí ó wà níwájú rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ pọ̀ ju ohun tí ojú lè kà lọ. Ìyá rẹ̀ tí ó wà ní Kambolé tàbí ní Atakpamé kò ní mọ̀, nítorí bí ó bá pè é lórí fóònù, “Àlàáfíà ni mo wà” ni ọmọ yóò fi dá a lóhùn. Bí kò bá sí ẹni tí yóò mọ̀, a jẹ́ pé ọmọ yẹn wà láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èrò tiwa ni pé èyí kì í ṣe àléébù ọmọ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀lẹ tàbí àìnígboyà. Bí a ti to ìgbé ayé akẹ́kọ̀ọ́ ni ó bí i. Bí a bá sì fẹ́, a lè tún un tò. Ohun tí a ń béèrè fún kò sì ju èyí lọ: kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, ènìyàn kan ní Lomé tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ̀ nígbà tí a kò bá rí i.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa lọ́jú pọ̀, ẹ jẹ́ kí a ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ẹni tí ó dá wà àti ẹni tí kò rí ẹni fi ọ̀rọ̀ lọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ dá wà nígbà mìíràn, nítorí ìwé kì í wọ orí nínú ariwo. Àdáwà tí à ń sọ ni ti ẹni tí ó jókòó láàárín ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn tí ẹnì kan kò mọ orúkọ rẹ̀. Tí ó ra oúnjẹ lójú títì tí ó lọ jẹ ẹ́ nínú yàrá, òun àti fóònù rẹ̀. Tí ibà mú, tí kò mọ ẹni tí yóò rán lọ ra oògùn. Tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, tí kò sì lè sọ ọ́ sétí ẹnikẹ́ni. Irú àdáwà bẹ́ẹ̀ kì í pariwo. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wọlé. Ọmọ yóò kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ sílẹ̀. Yóò máa sùn lọ́sàn-án, oorun yóò sì dá lójú rẹ̀ lóru. Nígbà tí ó bá yá, kò ní dáhùn fóònù mọ́. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ní Lomé yóò rò pé ó ti lọ sí ìlú rẹ̀. Àwọn ará ìlú rẹ̀ yóò sì rò pé ó wà ní Lomé. Láàárín èrò méjèèjì yìí ni ọmọ ti ń sọnù.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ àwọn Òyìnbó ni èyí, pé ilẹ̀ tí a ti ń jẹun pọ̀ nínú àwo kan kò mọ ohun tí ń jẹ́ àdáwà. A mọ ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀, nítorí inú agboolé ni a bí púpọ̀ nínú wa sí. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn olùwádìí rí yàtọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a mọ̀ sí OMS, gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti yẹ ọ̀rọ̀ ìbáṣepọ̀ àwọn ènìyàn wò. Ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ náà jáde ní òpin oṣù Kẹfà ọdún 2025. Ó sọ pé ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́fà ní gbogbo ayé ni àdáwà ń bá fínra, ó sì fojú bù ú pé ikú tí ó so mọ́ ọn tó 871,000 lọ́dọọdún. Láàárín àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láti 13 dé 29, iye àwọn tí ó ní àdáwà ń dà wọ́n láàmú wà láàárín 17 sí 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí ó sì yẹ kí ó mú wa ronú jù ni pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tí ń wọlé fún wọn kéré, irú èyí tí Tógò jẹ́, nǹkan bí 24 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó sọ pé àdáwà ń ṣe àwọn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀, nǹkan bí 11 ni. Àwa tí a rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn ni ó tilẹ̀ kàn jù.

Báwo ni ó ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa? Ẹ jẹ́ kí a wo yunifásítì náà fúnra rẹ̀. Kí ó tó di yunifásítì, Tógò àti Dahomey ìgbà náà ti jọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, tí ẹ̀ka ti lítíréṣọ̀ wà ní Lomé níhìn-ín, tí ti sáyẹ́ǹsì sì wà ní Àjàṣẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1970 ni a dá yunifásítì Tógò sílẹ̀ ní Lomé. Université du Bénin ni orúkọ tí a fún un, orúkọ yẹn ni ó sì ń jẹ́ títí di ọdún 2001 tí a sọ ọ́ di Université de Lomé. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò tó 1,000. Ẹni tí ó bá wọlé nígbà náà, kí oṣù mẹ́ta tó pé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, olùkọ́ ti mọ̀ ọ́n. Lónìí, iye wọn ti ju 40,000 lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yunifásítì kejì ti ṣí ilẹ̀kùn ní Kara láti ọdún 2004. Ohun ayọ̀ ni pé ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ alátẹ ń wọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n yàrá tí ó wà lábẹ́ àbójútó Centre des Œuvres Universitaires, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí COUL, kò lè gba àwọn tí ó fẹ́ wọ̀ ọ́. Inú ìlú ni àwọn tí ó kù ń wá ibi gbé, ọ̀nà sì jìn. Ẹni tí ó ní láti wọ ọ̀kadà tàbí kí ó fi ẹsẹ̀ rìn padà sí Agoè kí ilẹ̀ tó ṣú kò lè dúró tàkúrọ̀sọ lábẹ́ igi lẹ́yìn ẹ̀kọ́.

Ètò ẹ̀kọ́ náà ti yí padà pẹ̀lú. Nígbà àtijọ́, àwọn tí ó bá jọ wọlé ni ó jọ ń kàwé, tí wọ́n jọ ń ṣe ìdánwò, tí wọ́n sì jọ ń bọ́ sí ọdún kejì. Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Lábẹ́ ètò LMD tí a ń lò nísinsìnyí, olúkúlùkù ni ó ń kó crédit tirẹ̀ jọ. 180 ni ó gbọ́dọ̀ pé kí ó tó gba Licence. Ẹnì kan lè yege nínú ẹ̀kọ́ mẹ́rin kí ó ku méjì. Ẹnì kejì rẹ̀ lè ku mìíràn. Èyí ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, nítorí kò ní tún gbogbo ọdún ṣe nítorí ẹ̀kọ́ kan. Síbẹ̀, ó ti tú ẹgbẹ́ ká. Àwọn tí ó jọ bẹ̀rẹ̀ kì í sábà sí nínú gbọ̀ngàn kan náà ní ọdún kejì, kò sì sí ẹni tí àìsí rẹ̀ ń fi àlàfo sílẹ̀ lórí ìjókòó. A kò ní kí a fi LMD sílẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ bá tú ẹgbẹ́ ká, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò tún ẹgbẹ́ dì.

Lẹ́yìn èyí ni ẹrù tí àwa òbí ń dì lé ọmọ lórí. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gba BAC ni ó ń wọ yunifásítì. Àwọn tí ó ta iṣu, tí ó ta ewúrẹ́, tí ó dá àjọ nítorí rẹ̀ ń retí. Ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí nǹkan kò bá lọ déédéé, àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù gan-an ni kò lè sọ fún. Ojú ń tì í. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá sọ ọ́, ìyá òun yóò ṣàìsàn. Báyìí ni ìfẹ́ ìdílé fúnra rẹ̀ ṣe ń di ògiri láàárín ọmọ àti ìdílé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1960, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta, kọ ìwé nípa àìsàn kan tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Orí ń gbóná wọn, ojú ń ṣe omi, wọ́n ń ka ìwé ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kà kò yé wọn mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gbà pé ìwé ni ó ti rẹ ọpọlọ wọn. Prince wò ó síwájú sí i. Ó rí i pé ọmọ tí a tọ́ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ó ti mọ́ lára láti máa ṣe ohun gbogbo pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, ni a mú lọ sínú irú ẹ̀kọ́ tí olúkúlùkù ń dá jà fún ara rẹ̀, tí ìrètí gbogbo ìdílé sì wà lórí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e ti jiyàn lórí bóyá àìsàn kan ṣoṣo ni tàbí orúkọ mìíràn fún ìbẹ̀rù àti ìrẹ̀wẹ̀sì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tọ́ka sí ṣì wà níwájú wa títí di òní.

Ní Àrò kan náà ni a ti rí apá kan lára ìdáhùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ ní ọdún 1954 tí ó yàtọ̀ sí ti àwọn ilé-ìwòsàn ìgbà náà. Kò ti àwọn tí ọkàn wọn dàrú mọ́lé. Ó wá ibùgbé fún wọn ní abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn ká, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ó sì béèrè pé kí ẹbí kan, ó kéré tán, bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá. Ní ọ̀sán, wọn yóò gba ìtọ́jú; ní ìrọ̀lẹ́, wọn yóò padà sí ààrin àwọn ènìyàn. Lámbò padà di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1968, lẹ́yìn náà ó di igbákejì ọ̀gá àgbà OMS. Ohun tí ó fi hàn ní Àrò rọrùn láti lóye: oògùn ní iṣẹ́ tirẹ̀, ènìyàn náà sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú bá nílò ẹbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ara rẹ̀ tó yá, ǹjẹ́ a ó fi ẹni tí ara rẹ̀ ṣì dá sílẹ̀ ní òun nìkan títí yóò fi ṣubú?

Àwọn mìíràn yóò wí pé ebi ni ó ń pa akẹ́kọ̀ọ́, pé owó ìrànwọ́ ni kí a fún un, kí a yé sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tí kò jẹun kò lè gbádùn ìtàkúrọ̀sọ, kò sì sí ìfẹ́ tí ó lè dípò owó ilé. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́ àti àdáwà jọ ń rìn ni. Ẹni tí kò ní owó ọkọ̀ kò lè lọ kí ọ̀rẹ́; ẹni tí kò ní ọ̀rẹ́ kò sì ní ẹni tí yóò yá a ní owó ọkọ̀. Ẹni tí a mọ̀ ni a ń rántí nígbà tí iṣẹ́ bá wà, tí yàrá bá ṣófo, tí ẹnì kan bá fẹ́ fi ìwé tọrẹ. Bí àwọn baba wa bá wí pé ènìyàn ni aṣọ ẹni, wọn kò sọ ọ́ láti fi tu ẹni tí ó wà níhòòhò nínú. Ohun tí ń bo ènìyàn ní ọjọ́ tí ó bá nílò ìbora ni wọ́n ń sọ.

Àpẹẹrẹ kan wà ní Áfíríkà tí ó fi hàn pé irú iṣẹ́ yìí kò béèrè owó rẹpẹtẹ. Ní Harare, olú-ìlú Zimbabwe, dókítà ọpọlọ kan tí ń jẹ́ Dixon Chibanda pàdánù ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó ń tọ́jú. Ọmọ náà pa ara rẹ̀, nítorí pé òun àti ìyá rẹ̀ kò rí owó ọkọ̀ tí yóò gbé wọn dé ilé-ìwòsàn. Láti ọdún 2006 ni Chibanda ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá àgbà ní àdúgbò Mbare bí a ti ń fetí sí ẹni tí ìrònú ń dà láàmú. Mẹ́rìnlá ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé àga gbọọrọ onípákó sí àgbàlá ilé ìtọ́jú, ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo yóò wá jókòó ti ìyá àgbà, wọn yóò sì jọ wá ibi tí ó lè mú ọ̀kan nínú àwọn ìṣòro rẹ̀ tán. Nígbà tí wọ́n fi ìwádìí gidi yẹ iṣẹ́ náà wò, tí àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2016, a rí i pé ara àwọn tí ó jókòó ti àwọn ìyá àgbà wọ̀nyí yá ju ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Kò sí ìwé ẹ̀rí yunifásítì lọ́wọ́ àwọn ìyá náà. Etí àti sùúrù ni wọ́n ní, a sì kọ́ wọn bí wọn yóò ti lò ó. Ẹ̀yin ìyá wa ní Asígàmé, ní ọjà Hédzranawoé àti ní Agoè-Assiyéyé, ǹjẹ́ ẹ kò ní etí àti sùúrù?

Ní pàtàkì, a fẹ́ bá àwa tí a ń sọ Yorùbá ní ìlú yìí sọ̀rọ̀. Ọmọ wa pọ̀ nínú yunifásítì yìí. Àwọn kan wá láti Kambolé, àwọn kan láti ọ̀dọ̀ àwọn Ifẹ̀ ní Atakpamé. Àwọn kan jẹ́ ọmọ Kétu àti Ṣábẹ láti ìhà kejì ààlà. Àwọn kan sì wá láti Nàìjíríà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń kọ́ èdè Faransé ti ń wá sí Village du Bénin, nínú ọgbà yunifásítì, láti gbé láàárín àwọn tí ń sọ èdè náà. Orúkọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan. Àwọn tí ó dá a sílẹ̀ pè é ní abúlé, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹnu ènìyàn ni a ti ń gba èdè. Nígbà tí Nàìjíríà náà fẹ́ ní tirẹ̀ ní Àgbádárìgì ní ọdún 1991, abúlé náà ni ó pè é.

Ọmọ tí ó wá pẹ̀lú ẹgbẹ́ àti olùkọ́ rẹ̀ ní ibi ìfẹ̀yìntì. Ẹni tí ó dá wá ni ó ń ṣòro fún. Faransé ni a fi ń kọ́ ọ nínú gbọ̀ngàn, Mina ni àwọn ará ilé ń sọ ní àgbàlá, èdè ìyá rẹ̀ sì di ohun tí ó ń sọ lórí fóònù nìkan. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbé oṣù mẹ́fà ní Lomé kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ti ń pè é. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwa wà níbí. A ní ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, a ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí, a ní ẹgbẹ́ oníṣòwò. Bí olóògbé bá wà láàárín wa, a máa ń dá owó láàárín ọjọ́ kan láti gbé e lọ sí ìlú rẹ̀. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó mọ bí a ti ń gbé òkú lọ sílé yẹ kí ó mọ orúkọ àwọn alààyè.

Nítorí náà, a dá àbá mẹ́rin.

Àkọ́kọ́ ni ti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlú náà wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Kí a fi ọmọ kọ̀ọ̀kan lé ìdílé kan lọ́wọ́, kì í ṣe fún ilé gbígbé, bí kò ṣe fún ìbéèrè. Ìdílé náà yóò pè é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, yóò sì pè é wá jẹun ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí kò dáhùn ìpè, ẹnì kan yóò lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. A gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan níbí láìfi bò: ọmọ tí a pè wá jẹun kì í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀. Kò wá láti fọ aṣọ ilé tàbí láti ṣọ́ ìsọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọbìnrin, ìyá ilé ni kí a fi í lé lọ́wọ́, kí ẹgbẹ́ sì máa béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀ bí a ti ń ṣe sí i. Ilé tí ọmọ bá ń bẹ̀rù láti wọ̀ burú ju yàrá tí ó dá wà lọ.

Èkejì ni ti yunifásítì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ọmọ tuntun ń rí ọ̀rẹ́ tàbí kí ó má rí. Kí a pín àwọn tuntun sí ẹgbẹ́ kéékèèké, ènìyàn mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta kan máa ṣe ẹ̀gbọ́n fún wọn, kí ó fi ilé ìkàwé hàn wọ́n, kí ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ crédit, kí ó sì mọ orúkọ àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Kí àwọn mẹ́wàá yìí wà papọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, kódà bí ẹ̀kọ́ wọn kò bá rí bákan náà. Ẹ̀gbọ́n tí ó bá ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa yẹ kí ó rí nǹkan gbà, ì báà jẹ́ owó díẹ̀ tàbí ìwé ẹ̀rí. Kí a sì kọ ibi tí a ti lè rí olùgbani-nímọ̀ràn sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ má bàa máa béèrè ohun tí ojú ń tì í láti béèrè.

Ẹ̀kẹta ni ti àwa òbí. Bí a bá pe ọmọ, kí a má fi èsì ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Kí a bi í pé: ta ni o bá jẹun lánàá? Kí ni orúkọ ẹni tí ó ń jókòó tì ọ́? Ta ni yóò bá ọ ra oògùn bí ara rẹ kò bá yá? Ọmọ tí kò bá rí orúkọ kankan dá lóhùn ti sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún wa. Kí a sì jẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu wa, kí ìdánwò tó dé, pé ẹ̀kọ́ tí a kù ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n ọmọ tí a pàdánù kò ṣeé tún bí. Ohun tí ọmọ kò bá gbọ́ nígbà tí ara dẹ̀, kò ní gbà á gbọ́ nígbà tí ó bá ṣubú.

Ẹ̀kẹrin ni ti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fúnra yín. Fóònù ń jẹ́ kí ẹ rí ẹgbẹ̀rún ènìyàn lóòjọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lójú fóònù kò lè bu omi fún yín mu. Ẹ kí ẹni tí ó jókòó tì yín, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, ẹ má sì gbàgbé rẹ̀. Bí àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ń dá owó jọ láti se oúnjẹ kan nínú ìkòkò kan, owó yóò dín, ìtàkúrọ̀sọ yóò sì wà. Bí ìjókòó ẹnì kan bá ṣófo lẹ́ẹ̀mejì, ẹ béèrè rẹ̀. Kì í ṣe òfófó. Ẹ̀tọ́ aládùúgbò ni.

A mọ̀ pé àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí ń ṣe iṣẹ́ ńlá nínú ọ̀rọ̀ yìí, àìmọye ọmọ ni ó sì ti rí ẹbí lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti dẹ́kun àtilọ síbẹ̀ ni ó sábà ń nílò ìbẹ̀wò jù, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀sìn kan kí a tó béèrè bí ó ti sùn.

A mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ọ̀ràn ni ìbẹ̀wò àti oúnjẹ lè parí. Bí ọmọ bá ń sọ pé ayé ti sú òun, pé ó sàn kí òun má sí mọ́, bí kò bá jẹun tí kò sì sùn fún ọjọ́ púpọ̀, bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín ohun ìní rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, kí a má wí pé eré ni, kí a má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ fara balẹ̀ bi í bí ó bá ń ro ikú; ìbéèrè kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn, ó ń jẹ́ kí ó rí ẹni sọ ọ́ fún. Lẹ́yìn náà, ẹ bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ilé-ìwòsàn CHU Campus wà nítòsí yunifásítì, ilé-ìwòsàn àwọn tí ọkàn wọn dàrú sì wà ní Zébé, ní Aného. Lílọ síbẹ̀ kì í ṣe ìtìjú fún ọmọ tàbí fún ìdílé. Iṣẹ́ tí ìbẹ̀wò ń ṣe nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí a mọ̀ ní àkókò, kí ọmọ sì rí ẹni tí yóò bá a dé ẹnu ọ̀nà dókítà.

Láìpẹ́, àwọn tí ó gba BAC ní ọdún yìí yóò máa bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú àpò ìrẹsì, ẹní àti ìgbálẹ̀. Wọn yóò máa béèrè ọ̀nà yunifásítì lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, a rọ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Lomé láti ra ìwé kan, kí ó kọ orúkọ àwọn tí ń bọ̀ sínú rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ ilé kan síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ ọmọ kan bá wà tí kò sí ilé kankan níwájú rẹ̀, a jẹ́ pé ìpàdé ẹgbẹ́ kò ì tíì parí.